Dùùrù MIDI àti sọ́fítíwíà orin: èwo ló bá èwo mu, èwo ló bá ìlù tiwa mu?

Ọmọkùnrin kan gbé ẹrù wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ẹja ní ọjà Wàńdó. Ó tú u, ó gbé dùùrù kékeré kan jáde: eyín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, páàdì mẹ́jọ tí à ń fi ìka lù bí ìlù, wáyà USB kan. "Fòfó, ó ń tan iná, àmọ́ kò dún. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò dún. Mo so ó mọ́ ṣájà fóònù, iná nìkan ló ń tàn. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì." Mo ní kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Ohun tó rà kò bàjẹ́, kò kàn ní ohùn nínú ni.

Èmi kò bá a wí. Ohun tó rí bíi dùùrù, tó ní eyín funfun àti dúdú bíi dùùrù, ta ni kò ní retí kó ké bíi dùùrù? Àrokò ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi àrokò rán kì í sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ló gbé dání, ẹni tí wọ́n rán an sí ló máa tú u. Iṣẹ́ tí dùùrù MIDI ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé wọ́n tẹ eyín báyìí, agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tó báyìí láti 1 dé 127, wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà ló máa tú u sí fèrè, sí gìtá, sí agogo, sí ohunkóhun tí ẹ bá fi síbẹ̀.

Ọdún 1983 ni aráyé kọ́kọ́ rí MIDI, èdè àrokò yìí, nígbà tí wọ́n so Prophet-600, tí Dave Smith ará Amẹ́ríkà ṣe, mọ́ Jupiter-6 ti ilé iṣẹ́ Roland ti Jàpáànù níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM, tí wọ́n tẹ ọ̀kan tí èkejì sì ń dún. Láti ìgbà náà, wọn ò yí èdè yẹn padà débi pé ti àtijọ́ kò ní gbọ́ ti òde òní. Ìyẹn ló fà á tí dùùrù tí bàbá yín rà nígbà tí ẹ ṣì wà ní jẹ́léósinmi fi lè bá láptọ́ọ̀pù ọdún yìí sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá bi mí pé dùùrù MIDI wo ló dára jù, ìbéèrè méjì ni mo máa ń fi dá a lóhùn: inú sọ́fítíwíà wo lo máa jókòó sí, irú orin wo lo sì fẹ́ ṣe? Ẹni tó rà á kó tó dáhùn méjèèjì ti ra gàárì kó tó mọ̀ bóyá ẹṣin ni òun máa gùn tàbí ràkúnmí.

Ti ilé tàbí tuntun?

Àjàṣẹ́ nìlú tí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ẹ ò ní rìn jìnnà ní ọjọ́ ìdánrawò kí ẹ tó gbọ́ dùùrù akọrin. Nínú ilé àwọn olórin ìjọ wọ̀nyí, Yamaha PSR kan sábà máa ń wà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó nítorí eruku. Kí ẹ tó ná sẹ́fà kankan, ẹ lọ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí ihò onígun mẹ́rin kan tí wọ́n kọ USB TO HOST sí lára, dùùrù MIDI ti wà nílé yín. Irú wáyà tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà ló máa wọ inú rẹ̀.

Àmọ́ PSR kan kì í ṣe PSR kejì. PSR-E273 ní eyín 61, ó sì rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kò ní ihò USB yẹn, eyín rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ fúlẹ́fúlẹ́ àti ọwọ́ líle. PSR-E373 mọ ìyàtọ̀, ó sì ní ihò náà, àmọ́ kò ní wíìlì tí à ń fi fa ohùn sókè sódò. PSR-E463 ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyí nítorí pé lọ́jà, "Yamaha ni" lẹni tó ń tà máa ń sọ, á sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé irú PSR bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù kékeré eyín 25. Ní ti ọwọ́, ẹni tó ń ta dùùrù fún orin ìjọ, tó ń fi ọwọ́ òsì gbé béèsì tí ọwọ́ ọ̀tún ń gbé orin, kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí eyín 25. Wọ́n kéré, wọn ò gùn, ọwọ́ méjì ò gba ibẹ̀. Lóòótọ́, bọ́tìnì Octave wà tó ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè tàbí sódò, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ láàárín orin ìyìn tó ń sáré kí ẹ wá sọ fún mi. Ní ti iná, dùùrù kékeré ló borí. Ara láptọ́ọ̀pù ló ti ń jẹun nípasẹ̀ wáyà kan náà, nítorí náà tí iná bá lọ, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣì wà, iṣẹ́ ń lọ. PSR ń bèèrè ádápútà tirẹ̀ tàbí bátìrì, bátìrì ọ̀hún kì í sì í pẹ́. Ní ti rírìn, àpò ilé ìwé gba dùùrù kékeré. PSR lórí sẹ́míjáǹ, tí ẹnìkan tún jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ìyà ni.

Ẹni tó bá yan ti ilé máa bá wàhálà méjì pàdé. Àkọ́kọ́, ohùn á máa dún lẹ́ẹ̀mejì: PSR á ké fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á ké, ọ̀kan á sì tẹ̀lé èkejì bí ìgbà tí ọmọ ń sín ìyá rẹ̀ jẹ. Ẹ wá Local Control nínú Function rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di Off. Èkejì, tí Style bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìlù àti béèsì tó ń dá lù fúnra rẹ̀ lè rọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú yín. Ẹ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Dùùrù tó dàgbà jù èyí lọ kì í ní USB rárá, ihò róbótó oníhò márùn-ún méjì ló ní, OUT àti IN. Wáyà tó ń sọ ọ́ di USB wà lọ́jà. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀ ni pé àrokò ń jáde láti OUT dùùrù, ó ń wọ IN wáyà. Ẹ̀nu wáyà tí wọ́n kọ IN sí ló máa wọ OUT lára dùùrù. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ méjèèjì kí ẹ tó dá ọlọ́jà lẹ́bi, torí àwọn kan wà tó kọ ọ́ lódì kejì.

Àwọn kékeré, àti ọ̀kan tí kò kéré

Akai MPK Mini kẹta, tó jáde ní 2020, ni ẹ máa rí jù. Eyín 25, páàdì 8, bọ́tìnì yíyí 8, àti igi kékeré kan bíi ti géèmù. Sọ́fítíwíà MPC Beats ń bá a wá. Páàdì rẹ̀ dára, ó ń gba ìlù, ó sì lágbára lọ́wọ́ ọmọdé. Novation Launchkey Mini ní páàdì 16 pẹ̀lú bọ́tìnì yíyí 8; tìtorí sọ́fítíwíà orin Ableton Live ni wọ́n ṣe ṣe é, tí ẹ bá sì ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́, Live á dá a mọ̀, páàdì á sì tan àwọ̀ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Arturia MiniLab 3, ti 2022, ní páàdì 8, bọ́tìnì yíyí 8, ó tún fi bọ́tìnì fífà 4 kún un. Grenoble ní Faransé ni ilé iṣẹ́ Arturia wà, ìwé ìlànà rẹ̀ sì wà ní èdè tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ẹ má fojú di ìyẹn. Mo ti rí ẹni tó gbọ́n dáadáa tó fi ohun èlò sílẹ̀ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé rẹ̀ ti sú u.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, MiniLab ni mo fẹ́ràn ohùn tó bá a wá. Analog Lab, àkójọ ohùn tí wọ́n fi kún un, ní dùùrù, ọ́gàánì àti fèrè tó ṣeé gbé síwájú akọrin lójú ẹsẹ̀. MPC Beats ní ìlù híp-họ́ọ̀pù tó pọ̀. Launchkey ń kó Live Lite, ẹ̀dà kékeré Ableton Live, wá, MiniLab náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní sọ́fítíwíà kankan gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ owó tó ń ná.

M-Audio Keystation kò jọ wọ́n. Eyín 49 tàbí 61 ni, eyín gidi tó fẹ̀ bíi ti dùùrù ńlá, wíìlì méjì, bọ́tìnì fífà kan, ó tán. Kò sí páàdì, kò sí bọ́tìnì yíyí. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ ẹ nítorí pé kò tan iná aláràbarà. Èmi fẹ́ ẹ, mà á sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Novation tún ṣe dùùrù FLkey ní 2022 tìtorí sọ́fítíwíà orin FL Studio. Tí ẹ bá ti pinnu pé FL lẹ máa lò títí, tí owó sì wà, ẹ rà á. Tí ẹ ò bá tíì pinnu, ẹ fi í sílẹ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ níbòmíràn, àmọ́ ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ sanwó kò ní sí níbẹ̀.

Ìlù tó ń sọ̀rọ̀

Ibi tí ìfiwéra àwọn ará Yúróòpù kì í dé nìyí, ibẹ̀ sì ni èmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Dùndún kì í lu ohùn kan kó dúró síbẹ̀. Alùlù ń fún ọsán rẹ̀ mọ́ abẹ́ abíyá, ohùn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ló sì ń sọ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: tí ohùn kò bá lọ síbi tó yẹ, oníyàwó á di ọlọ́kọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi dùùrù MIDI ṣe dùndún, yálà ó ti gba ohùn dùndún gidi sílẹ̀ tàbí ó rí i nínú àkójọ ohùn kan, gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè fa ohùn lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe èyí. Wíìlì wà lára Keystation àti PSR-E463: ẹ ń yí i síwájú sẹ́yìn, tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sí àárín. Igi géèmù wà lára MPK Mini: òsì àti ọ̀tún ń fa ohùn, òkè àti ìsàlẹ̀ ń ṣe nǹkan mìíràn. Ìlà tí à ń fọwọ́ rá wà lára Launchkey Mini àti MiniLab.

Mo ti gbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ohùn dùndún kan náà, gbólóhùn oríkì kan náà. Wíìlì ni mo fi sọ ọ́ tí ìyá mi gbọ́ láti inú ilé ìdáná tó sì dáhùn. Igi géèmù ń ta padà kíákíá jù. Tí ọwọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀ sókè, ohùn á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ìlà ìfọwọ́rá dára fún fífa ohùn pẹ́lẹ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gbé ìka kúrò lohùn á fò padà, dùndún kì í sì í fò bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi ìlà yẹn ṣe é dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, wíìlì.

Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ẹ kọ́kọ́ tún ibi tí ohùn lè fà dé ṣe. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é wá ni pé ohùn kò ní kọjá eyín méjì sókè, eyín méjì sódò, tí a bá ka funfun àti dúdú pọ̀. Ìyẹn kò tó dùndún rárá. Nínú ohun èlò tí ẹ ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá pitch bend range, kí ẹ gbé e sí 7; àwọn kan ń gbé e dé 12. Ẹ má bẹ̀rù pé á máa ṣe gátagàta: bọ́tìnì yíyí lásán ní ìpele 128 péré, àmọ́ àrokò fífa ohùn ní 16,384, torí náà ó ń yọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bàtá àti ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò fẹ́ wíìlì, páàdì ni wọ́n fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu ń gba ohùn ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ìjó tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára ohun ìní gbogbo ayé. (Ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà tọrọ àyè, ó sì gbé ọtí dání. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà kó ṣe bẹ́ẹ̀ náà.) Páàdì 8 kò tó o. Ìlù kan ṣoṣo ní ojú ìlù, etí ìlù, ọwọ́ tí a fi dí i àti ọwọ́ tí a ṣí. Ìlù mẹ́rin pẹ̀lú ìró mẹ́rin mẹ́rin ti di páàdì 16. Launchkey Mini ló rà, òótọ́ sì ni tirẹ̀. Kí ẹ rí i pé páàdì ń gbọ́ agbára ọwọ́, kí ẹ sì wo velocity curve nínú rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń ka agbára ọwọ́: tí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìlù yín ń wọlé ní 127, ó ti di fífọ́ igi.

Ohun kan tún wà tó ń ba orin àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́ ju dùùrù búburú lọ. Agogo wa sábà máa ń pín sí 12. Sọ́fítíwíà máa ń ṣí pẹ̀lú ojú ilà 16. Ẹ lù ú dáadáa, ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà tò ó, ó tò ó sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, agogo Ṣábẹ̀ẹ́ wá ń dún bíi ti ilé ijó kan ní Jámánì. Nínú FL Studio, ẹ yí Snap sí 1/3 beat kí ẹ tó tò ó. Nínú Ableton Live, Ctrl+3 ló ń yí ojú ilà padà sí mẹ́ta mẹ́ta. Nínú Reaper, sọ́fítíwíà orin mìíràn, ẹ yan èyí tó ní T lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi 1/8T.

Sọ́fítíwíà: bí wọ́n ṣe ń gba dùùrù wọlé

FL Studio ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣe bíìtì lọ́dọ̀ wa mọ̀, láti Àjàṣẹ́ títí kan Èkó. Ilé iṣẹ́ Image-Line ti Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é, FruityLoops ló ń jẹ́ nígbà tó jáde ní 1997. Ẹ ki wáyà dùùrù kí ẹ tó ṣí i. Ẹ tẹ F10, ẹ lọ sí MIDI, orúkọ dùùrù yín á wà ní apá Input. Ẹ tẹ orúkọ náà, ẹ tẹ Enable. Tí ẹ kò bá rí i, bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó ń wá ohun èlò lẹ́ẹ̀kan sí i. Eyín ti ń dún báyìí. Bọ́tìnì yíyí ńkọ́? Ẹ fi máúsì tẹ ohun tí ẹ fẹ́ máa yí lójú kọ̀ǹpútà, apá ọ̀tún máúsì, ẹ yan Link to controller, ẹ yí bọ́tìnì lára dùùrù, ó tán. Kò sí sọ́fítíwíà tó rọrùn ju èyí lọ níbi síso bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá san owó FL lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀dà tuntun ọjọ́ iwájú ti di tirẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà Fruity tó rẹlẹ̀ jù lówó: kò lè gba ohùn akọrin sílẹ̀. Ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ lè gba gbogbo nǹkan, ẹ lè gbé orin tó ti parí jáde, ẹ sì lè fi iṣẹ́ pamọ́, àmọ́ ẹ kò ní lè ṣí iṣẹ́ tí ẹ fi pamọ́ náà títí ẹ fi máa sanwó. Mo mọ ọ̀dọ́ kan tó fi oṣù kan ṣiṣẹ́ kó tó mọ èyí, ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣeé wò. Ní ti èyí tí wọ́n ń fi flash pín káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́, mo ti tún láptọ́ọ̀pù mẹ́ta ṣe nítorí ohun tó bá a wọlé. Mi ò fi kún un mọ́.

Ableton Live, ti Berlin ní Jámánì, ń sọ Faransé. Ẹ lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí i, fún wa ní Bẹ̀nẹ̀ ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Níbi ètò MIDI nínú Preferences (Settings ló ń jẹ́ nínú Live 12), ẹ yan orúkọ dùùrù yín níbi Control Surface tó bá wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ fi None sílẹ̀, kí ẹ tan Track ní iwájú orúkọ rẹ̀ ní apá Input kí eyín lè dún, kí ẹ tan Remote kí bọ́tìnì lè ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nípa Live, "eyín ń dún àmọ́ bọ́tìnì kò ṣe nǹkan kan", Remote ni ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ctrl+M, ẹ tẹ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ yí bọ́tìnì, Ctrl+M padà. Fún ẹni tó máa ṣeré níwájú èèyàn, tó fẹ́ máa fi páàdì pe apá orin kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe wù ú, kò sí èyí tó tó Live. Fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń mí gúlegúle, ó wúwo.

Reaper ni mo ń lò. Ó kéré, ó ń ṣí kíákíá, láptọ́ọ̀pù tí FL ti dá lágara ń gbé e. Ìdánwò ọjọ́ 60 ni, kò dí ohunkóhun mọ́ ẹ nínú rẹ̀. Owó ìwé àṣẹ fún ẹnìkan tàbí ilé iṣẹ́ kékeré jẹ́ dọ́là 60. Níbi ká gba akọrin ogún sílẹ̀ ká sì tò wọ́n, kò sí èyí tó jù ú lọ. Àmọ́ níbi MIDI, ó ń béèrè sùúrù. Ctrl+P, ẹ wá ibi tí ohun èlò MIDI wà, ẹ fi apá ọ̀tún máúsì tẹ orúkọ dùùrù, ẹ jẹ́ kó gba Enable input. Kò tíì dún o. Ẹ ṣí ojú ọ̀nà tuntun kan, ẹ tẹ FX kí ẹ fi ohun èlò kan sí i, ẹ tẹ bọ́tìnì pupa, ẹ yan MIDI níbi input rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé monitor ń ṣiṣẹ́. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn tó bá a wá pẹ̀lú, ReaSynth, gbẹ bí èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ fúnra yín lẹ máa lọ wá dùùrù àti fèrè tó dùn.

LMMS jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux àti Windows. Àmì géà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní MIDI, Input, ibẹ̀ lẹ ti máa yan dùùrù. Ẹ̀dà 1.2 rẹ̀ kò gba ohùn ẹnu sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe bíìtì nìkan lè jẹun níbẹ̀. Olórin ìjọ, ẹ kọjá. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Apple ti ní GarageBand, kó ki wáyà bọ̀ ọ́ kó máa ta dùùrù rẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí fóònù nìkan ló ní, FL Studio Mobile ń gba dùùrù MIDI lórí Android, pẹ̀lú wáyà OTG, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù gba ohun èlò USB. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fóònù ló máa bọ́ dùùrù náà, èyí tí iná páàdì rẹ̀ pọ̀ sì lè fa agbára ju èyí tí fóònù fẹ́ fún un lọ. Fóònù mìíràn á kọ̀ ọ́, òmíràn á gbà á kó tó kú láàárín orin. Níbi yìí, dùùrù tí kò tan iná púpọ̀ ló borí.

Ohun kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lórí Windows: sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ló sábà máa ń di dùùrù mú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọkùnrin ọjọ́ Sátidé yẹn padà wá lọ́jọ́ kejì pé FL kò gbọ́ òun mọ́. MPC Beats ló ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, ó di í mú bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. A pa á, FL gbọ́.

Àwa tí láptọ́ọ̀pù wa ti Faransé wá, tí lẹ́tà A wà níbi Q, tí Z wà níbi W, tí ẹ bá ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó ń fi lẹ́tà kọ̀ǹpútà ta dùùrù, ohun tó ń tẹ̀ kọ́ ni ohun tó ń dún níwájú yín. Ìdí kan rèé tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wá dùùrù MIDI, bó ti wù kó kéré tó.

Tí ohùn bá ń pẹ́ dé

Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dún lẹ́yìn náà. Dùùrù kọ́ ló ń pẹ́, kọ̀ǹpútà ni. Lórí Windows, ẹ lo dráíbà ASIO, sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn yára jáde. FL ní tirẹ̀ tó bá a wá, àwọn yòókù lè lo ASIO4ALL tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wá wo buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde: 1024 ń dá ohùn dúró tó mílísẹ́kọ́ǹdì 23, 512 ń dá a dúró tó 12, 256 ń dá a dúró tó 6, ní 44,100 Hz. Ní 256, ọwọ́ mi kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Tí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà, ẹ gbé e padà sókè díẹ̀. Agbétí Bluetooth, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sí buffer tó lè gbà á.

Lójú ọjà

Mo ra tèmi àkọ́kọ́ ní Kútọnù, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù àlòkù tó ti òkè òkun wá. Mo ki wáyà bọ ṣájà, iná tàn, mo sanwó. Nílé, eyín méjì kò sọ̀rọ̀, ọ̀kan sì ń sọ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ìgbà ní 127. Láti ìgbà náà, mi ò lọ sọ́jà láìní wáyà OTG àti fóònù tí FL Studio Mobile wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, fúlẹ́fúlẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ líle. Ẹ lu páàdì ní àárín àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yí bọ́tìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ wò bóyá iye rẹ̀ ń fò. Ẹ yí wíìlì, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ eyín kan kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn ti padà sípò. Wíìlì àlòkù tí kò padà sí àárín á máa ba gbogbo orin yín jẹ́ láìjẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti ń bà á jẹ́. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ lè fi sọ́fítíwíà MIDI-OX wo gbogbo àrokò tó ń wọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn.

Ẹ mi wáyà níbi tó ti wọ inú dùùrù, díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá ń kú tó ń jí, ihò rẹ̀ ti ń tú. Ọlọ́jà á ní wáyà ló bàjẹ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ fa wáyà tiyín yọ látinú àpò.